Ẹgbẹ́ èsúsú wa fẹ́ di ẹgbẹ́ ìdókòwò: báwo ni kí á ṣe gbé e kalẹ̀?

Ọmọ Ìgbómìnà ní Tánkẹ̀ béèrè pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akọ̀wé tàbí akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ mọ́ ìṣirò owó.

Àwa mẹ́rìnlélógún ni a jọ ń dá èsúsú ní Ìlọrin níbí. Ọmọ Ìgbómìnà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa, láti Òmù-Àrán, Òró àti Àjàṣẹ́-Ìpo, àwọn ọmọ Ìlọrin àti ọmọ Ọ̀fà sì wà láàrin wa. Olùkọ́ ni àwọn kan, àwọn kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, a ní káfíńtà, a ní aránṣọ, a sì ní àwọn ìyá tí wọ́n ń ta ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀wà ní Ọjà Ìpàtà. ₦15,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù, ẹni tí ó bá kàn a sì kó ₦360,000. Kò tíì sí ẹni tí ó kó tirẹ̀ tán tí ó wá dáwọ́ dúró, ìdí nìyí tí ọkàn wa fi balẹ̀ láti gbèrò ohun tí ó ju èsúsú lọ.

Ohun tí ó bí èrò náà ni pé ọdún méjì gbáko ni ó ń gbà kí èsúsú ẹni mẹ́rìnlélógún tó yí ká. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó owó máa ń rí nǹkan gidi fi rà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó kẹ́yìn, pàápàá ní irú ọdún 2024 tí ọ̀wọ́n gógó ọjà ju ìdá 30 nínú 100 lọ, iye kan náà ni ó kà, ohun tí ó lè fi rà ni ó ti dín kù. Lẹ́yìn tí gbogbo wa bá sì ti kó o tán, kò sí ohun kan ṣoṣo tí a lè nawọ́ sí pé ti gbogbo wa ni. Àwọn ọmọ wa ń dàgbà, àwọn mìíràn nínú wa sì ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ó sì ń dùn wá pé owó púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gba ọwọ́ wa kọjá láìfi ohunkóhun sílẹ̀.

A ti fẹnu kò pé kí á máa dá ₦15,000 náà nìṣó, kí ẹnikẹ́ni má sì kó o fún ọdún márùn-ún. Kí á fi ṣòwò, kí á fi ra ohun ìní, kí ó máa pọ̀ sí i ní orúkọ gbogbo wa. Ibi tí ẹnu wa kò tíì kò ni ohun tí a ó fi owó náà ṣe. Àwọn kan ní kí á ra ilẹ̀ sí apá Gánmọ kí ó tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní kí á ra ìpín ìdókòwò nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àti bọ́ǹdù ìjọba, ìyẹn owó tí a ń yá ìjọba kí ó lè san èlé lé e. Àwọn ìyá ọjà ní tiwọn sọ pé kí á ra ẹ̀wà, gààrí àti ẹ̀lùbọ́ nígbà ìkórè, kí á tà á nígbà tí ó bá gbówó lórí.

Ìbéèrè mi nìwọ̀nyí. Ṣé dandan ni kí á forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àbí àdéhùn láàrin ara wa ti tó? Báwo ni a ó ṣe mọ ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹnì kan bá fẹ́ jáde lójijì? Báwo sì ni a ó ṣe ṣe é tí àwọn Mùsùlùmí inú wa, tí wọn kì í gba èlé, kò fi ní máa ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn wọn kọ̀ nítorí tiwa? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mọ sí ẹnu lásán, ẹ là á yé wa.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù, Ọ̀fà, fèsì pé:

Ẹ̀yin ará Tánkẹ̀, ẹ kú àròjinlẹ̀. Orí ìforúkọsílẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí iye yín gan-an ti gbé yín dé ibi tí òfin ti ń wo ènìyàn. CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2020, kò fàyè gba kí ènìyàn tí ó ju 20 lọ para pọ̀ máa ṣòwò fún èrè láìjẹ́ pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́, tàbí kí wọ́n wà lábẹ́ òfin mìíràn tí ó gbà wọ́n láyè, irú bí òfin alájẹṣẹ́kù. Mẹ́rìnlélógún ni yín. Ẹ lè dá èsúsú títí láìsí ẹni tí yóò bi yín léèrè, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ti ra àpò ẹ̀wà àkọ́kọ́ pé kí ẹ tà á jèrè ní orúkọ gbogbo yín, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní èsúsú.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín. Èkíní ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin ti mọ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 1935. Ẹni mẹ́wàá ti tó láti dá a sílẹ̀. Ẹ ó kọ ìwé òfin ẹgbẹ́ yín, ẹ ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó ń bójú tó àwọn alájẹṣẹ́kù, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Láti ìgbà náà lọ, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ti di ẹni tí ó lè ní àkáǹtì, tí ó lè ra ilẹ̀, tí ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́. Ìbò kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ì báà ní ìpín ẹgbẹ̀rún, ì báà ní mẹ́wàá. Ọ̀nà kejì ni ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó ní ìpín, tí a ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sì lè ní ju àádọ́ta ènìyàn lọ. Níbẹ̀, ẹni tí ìpín rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ohùn rẹ̀ ń ròkè jù, ẹ ó sì máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́.

Alájẹṣẹ́kù ni èmi yóò yàn fún yín, mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Nínú ẹgbẹ́ tí ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba ti jókòó pẹ̀lú ìyá tí ó ń ta ẹ̀lùbọ́, bí a bá fi owó díwọ̀n ohùn, ìyá náà yóò dákẹ́ ní ìpàdé kejì, kò sì ní wá sí ẹ̀kẹta. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú: òfin alájẹṣẹ́kù béèrè pé kí á máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ọdọọdún sí àpò ìpamọ́ ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe owó tí ẹni tí ó ń jáde lè gbé lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin yín kí ó má bàa di àríyànjiyàn lẹ́yìn ọ̀la.

Ní ti owó fúnra rẹ̀, kí àkáǹtì wà ní orúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni mẹ́ta jẹ́ olùbuwọ́lù, kí méjì nínú wọn máa buwọ́ lù ú pọ̀ kí kọ́bọ̀ tó jáde. Kí akápò jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, ṣùgbọ́n kí àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì máa wọ fóònù ẹlòmíràn tí kì í ṣe olùbuwọ́lù. Kí ẹnikẹ́ni má gba owó ìdá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni sílé. Tààrà sí báǹkì ni. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ₦5,000,000 ni NDIC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo owó tí a fi pamọ́ sí báǹkì, ń dáàbò bò fún olùfipamọ́ kan ní báǹkì ńlá láti ọdún 2024, ₦2,000,000 sì ni ní báǹkì kéékèèké, ẹni kan ṣoṣo ni wọn yóò sì ka ẹgbẹ́ yín sí, kì í ṣe ẹni mẹ́rìnlélógún. Bí owó bá ti ń pọ̀, ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jókòó sí ojú kan.

Ẹ̀kẹta, tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi bí ẹ̀gbọ́n: ẹ má ṣe pe ará ìta wá pé kó mú owó wá kí ẹ fún un ní iye báyìí lóṣù. Bí ẹgbẹ́ bá ti ń ṣèlérí èrè fún àwọn tí kò sí ní ìpàdé, ó ti di iṣẹ́ tí SEC, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò, nìkan lè fún ènìyàn láṣẹ ṣe. Òfin ìdókòwò tuntun ti ọdún 2025 dárúkọ àwọn ètò gbájú-ẹ̀ tí ń fi owó ẹni tuntun san èrè ẹni àtijọ́, ó sì fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn ńlá lé e. Ẹ rántí MMM tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní December 2016, ẹ sì rántí CBEX ní April 2025. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ará ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ nípa méjèèjì.

Oníṣirò Owó, Ìlọrin, fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n ti dáhùn èyí tí ó jẹ́ ti òfin. Orí ìpín ni ọ̀rọ̀ tèmi dá lé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń tú ká: wọ́n ń kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá sínú ìwé, wọn kì í kọ iye tí ohun tí ó dá ti dà. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ jáde ní ọdún kẹta, àwọn kan yóò ní ojú owó rẹ̀ nìkan ni kí ó gbà, òun yóò ní kí wọ́n fi èrè kún un, kò sì sí ẹni tí yóò rí ìṣirò kankan fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ẹ sọ owó di ẹyọ ìpín láti ọjọ́ kìíní. Ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan jẹ́ ₦1,000 ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá dá ₦15,000 ní oṣù àkọ́kọ́ ní ẹyọ 15, ẹgbẹ́ lápapọ̀ sì ní ẹyọ 360. Kí á sọ pé ẹ kò yí iye yìí padà fún oṣù mẹ́fà: ẹyọ 2,160 ni ẹgbẹ́ ní, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní 90. Ní ìparí oṣù kẹfà, ẹ jókòó, ẹ ka gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ní pọ̀: owó tí ó wà ní báǹkì, iye tí wọ́n ń ta ìpín ìdókòwò yín lọ́jà lọ́jọ́ náà, iye tí ẹ ra ẹrù tí ó wà nílẹ̀. Ẹ yọ gbèsè kúrò, ẹ yọ àpò ìpamọ́ tí òfin béèrè kúrò. Bí ohun tí ó kù bá jẹ́ ₦2,376,000, ẹ fi 2,160 pín in, ẹyọ kan ti di ₦1,100 nìyẹn.

Láti oṣù keje lọ, ₦15,000 kò ra ẹyọ 15 mọ́, 13.64 ni ó rà. Ẹni tuntun tí ó bá mú ₦110,000 wá yóò gba ẹyọ 100, kò sì ní jẹ nínú èrè tí ó bá nílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ pẹ̀lú ẹyọ 90 rẹ̀ yóò gba ₦99,000. Bí ọjà bá sì burú tí àpapọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ₦1,944,000, ẹyọ kan di ₦900, ₦81,000 ni ẹni náà yóò gbà, kò sì ní lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, nítorí bí àdánù ṣe kan òun ni ó ṣe kan alága. Ìwé ìṣirò lásán lórí kọ̀ǹpútà, tàbí ìwé ńlá onílà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé, ti tó fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí orúkọ rẹ̀, iye ẹyọ rẹ̀ àti iye tí ẹyọ kan jẹ́.

Ibi tí ìṣirò yìí ti lè ṣi yín lọ́nà ni ilẹ̀. Ilẹ̀ kò ní iye ọjà tí a ń kà lójoojúmọ́, àwọn ènìyàn a sì máa fẹ́ fi àgbọ́sọ bù kún un: wọ́n ní ẹnì kan ta tirẹ̀ ní ìlọ́po méjì ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, nítorí náà tiwa náà ti di ìlọ́po méjì. Ẹ fi í sílẹ̀ ní iye tí ẹ rà á àti iye tí ẹ ná lé e lórí, títí ẹ ó fi pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídíye lé ilẹ̀ àti ilé wá, bóyá ní ọdún méjì-méjì. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá tètè jáde yóò gba èrè tí kò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn tí ó dúró ni yóò sì san án.

Fún ọdún àkọ́kọ́, bọ́ǹdù ìfipamọ́ ìjọba àpapọ̀, FGN Savings Bond, ni n bá kọ́kọ́ fi dán ara yín wò. Ó ti wà láti ọdún 2017, ₦5,000 ni ó kéré jù tí a lè fi rà á, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń lò, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń san èlé rẹ̀. Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀ ju èlé lọ ni pé yóò kọ́ ẹgbẹ́ yín bí a ti ń lo alágbàtà ìdókòwò tí ó ní ìwé àṣẹ, bí a ti ń kọ owó tí ó wọlé sílẹ̀, àti bí a ti ń dúró láìfọwọ́ kan án.

Àlájà Ìpàtà fèsì pé:

Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin ọmọ mi. Inú mi dùn pé ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ yìí rántí wa kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́, nítorí lẹ́yìn tí owó bá ti wọ inú èlé tán ni wọ́n sábà máa ń bi Mùsùlùmí pé kí ni ó tún fẹ́.

Ìmọ̀ràn bọ́ǹdù tí Oníṣirò mú wá dára fún ẹni tí ó bá yọ̀ọ̀da rẹ̀, ṣùgbọ́n èlé ni, àwa kò lè jẹ ẹ́. Sukuk, ìwé ìdókòwò tí kò ní èlé nínú, ni kí ẹ wò dípò rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ta á ní ọdún 2017, ₦100 bílíọ̀nù fún ọdún méje, iṣẹ́ ọ̀nà títì ni wọ́n sì fi owó náà ṣe; owó ìyálò ohun tí a fi owó náà ṣe ni ẹni tí ó rà á ń gbà. ₦10,000 ni ó kéré jù tí a lè fi wọ inú rẹ̀, ẹgbẹ́ yín tó o dáadáa. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń tà á, nítorí náà kí akọ̀wé yín máa tẹ́tí sílẹ̀. Ní ti ìpín ilé-iṣẹ́ ní ọjà ìdókòwò, láti ọdún 2012 ni àkójọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn bá ìlànà Ìsìláàmù mu ti wà níbẹ̀, Lotus Islamic Index ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá yan ilé-iṣẹ́ láti inú rẹ̀, tí ẹ yẹra fún ilé ọtí àti báǹkì elélé, kò sí ẹni tí yóò yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí ìsìn. Àwọn Kristẹni inú yín kò sì ní pàdánù ohunkóhun.

Òwò ẹrù ni ọ̀rọ̀ mi pọ̀ sí jù, nítorí inú rẹ̀ ni mo ti gbó. Bí gbogbo yín bá jọ fi owó sílẹ̀, mushárákà ni, kí ẹ pín èrè bí ẹ bá ti ṣàdéhùn, kí àdánù sì tẹ̀lé iye owó tí oníkálùkù fi sílẹ̀. Bí ẹ bá wá fún ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọjà ní owó pé kí ó lọ fi rajà, mudárábà nìyẹn: ẹ jọ mọ ìdá èrè tí yóò jẹ́ tirẹ̀ kí ó tó lọ, bí òwò bá sì ṣòfò láìsí àìbìkítà lọ́wọ́ rẹ̀, owó ẹgbẹ́ ni ó lọ, iṣẹ́ òun náà ni ó lọ. Ẹ kò lè sọ fún un pé ohun yòówù kí ó ṣẹlẹ̀, kí ó dá owó yín padà pẹ̀lú iye báyìí lé e.

Ẹ má sì ronú pé kíkó ẹrù pamọ́ jẹ́ ohun tí a kàn ń ṣe kí á lọ sùn. Ẹ̀wà tí kò gbẹ tán kò ní rí oṣù mẹ́ta kí kòkòrò tó sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Bí mo bá fẹ́ rà á, mo máa ń ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, kì í ṣe òkè tí wọ́n ti tọ́jú. Mo máa ń fi eyín gé méjì mẹ́ta, bí ó bá rọ̀ lábẹ́ eyín, mo ti mọ̀ pé omi ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò rọ ọ́ sínú àpò onípele mẹ́ta, tí ó ní ọ̀rá méjì nínú, kí á so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò tí ó bá ti wà níbẹ̀ kò ní rí èémí mí, a kò sì ní da oògùn sí oúnjẹ ènìyàn. Àpò yìí wọ́n ju àpò lásán lọ, ṣùgbọ́n a lè tún un lò bí kò bá tíì ya. Gààrí ní tirẹ̀ kò fẹ́ ilẹ̀ tútù rárá. Kí ẹ ṣírò owó yàrá, owó alábàárù, owó ọkọ̀ àti èyí tí yóò bàjẹ́, kí ẹ tó sọ pé èrè wà.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí, nítorí ó wúwo lọ́kàn mi. Kí á ra ẹrù nígbà ìkórè kí á máa tà á díẹ̀díẹ̀ títí ọdún fi yí, òwò ni. Ṣùgbọ́n kí á ti ilẹ̀kùn mọ́ oúnjẹ nígbà tí ebi ń pa ìlú, kí á máa retí kí ó wọ́n sí i, ẹ̀sìn wa kọ̀ ọ́, n kò sì rò pé ẹ̀sìn yòókù fẹ́ ẹ. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín pé oṣooṣù ni ẹ ó máa tà.

Ọmọ Àjàṣẹ́ fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ fi ẹnu bà.

Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí ó ra ilẹ̀ ńlá kan lójú ọ̀nà ní orúkọ alága wọn, nítorí ẹgbẹ́ náà kò forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ní ènìyàn rere ni alága. Ènìyàn rere ni lóòótọ́. Nígbà tí ó kú, ìwé ilẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn kò gbọ́ nípa ẹgbẹ́ rí sì gbà tọkàntọkàn pé ti bàbá wọn ni. Wọ́n dé ilé ẹjọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ohun tí Akọ̀wé sọ: ẹ forúkọ sílẹ̀ ná, kí ẹ tó wo ilẹ̀ kankan, kí orúkọ ẹgbẹ́ lè wà lórí ìwé.

Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé tí mọ̀lẹ́bí fún yín nìkan kò parí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé náà jọ buwọ́ lù ú, kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń yára. Kí awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kí ó sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ìwé C of O lọ, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Gbogbo èyí ń náni lówó, ó sì yẹ kí ó wà nínú ìṣirò yín kí ẹ tó sọ pé ilẹ̀ pọ́ọ̀kú. Ilẹ̀ tí a rà tí a kò fi ṣe nǹkan kan kì í mú kọ́bọ̀ wọlé títí a ó fi tà á, nítorí náà bí ó bá jẹ́ tèmi, n kò ní jẹ́ kí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó ẹgbẹ́ lọ ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ jáde, a kò lè gé igun ilẹ̀ fún un.

Ọmọ Ìgbómìnà ní Tánkẹ̀ tún béèrè pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gidigidi. Àlájà, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sétí àwọn ìyá ọjà wa, wọ́n sì ní òtítọ́ pọ́ńbélé ni, pàápàá ti àpò onípele mẹ́ta.

Ohun méjì ló kù. Àwọn kan nínú wa kì í gba owó oṣù. Aránṣọ wa lè rí owó púpọ̀ ní oṣù ọdún iléyá àti Kérésìmesì, kí ó má sì rí ₦15,000 kó jọ ní oṣù mìíràn. Ṣé ìtanràn ni kí á máa gbà lọ́wọ́ irú wọn? Èkejì, bí ọlọ́jọ́ bá dé bá ẹnì kan nínú wa, ta ni a ó kó ìpín rẹ̀ fún?

Oníṣirò Owó, Ìlọrin, fèsì pé:

Ẹ má gba ìtanràn lọ́wọ́ aránṣọ. Ẹyọ ìpín ti yanjú rẹ̀: ẹni tí ó bá mú ₦5,000 wá ra ẹyọ tí ₦5,000 tó, ẹni tí ó bá mú ₦40,000 wá ní oṣù ọdún ra tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní iye tí ẹyọ kan jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ kàn fi iye tí ó kéré jù lélẹ̀ fún ọdún kan, bóyá ₦60,000, kí ẹ sì fi òkè rẹ̀ sí ibì kan kí ẹnì kan má bàa ní ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìpín lọ. Èsúsú ni ó nílò kí iye gbogbo ènìyàn dọ́gba. Èyí kò nílò rẹ̀.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù, Ọ̀fà, fèsì pé:

Ní ti ikú, ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wọ ẹgbẹ́ ni kí ó ti kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ìpín rẹ̀ sílẹ̀ sí ìwé kan, kí ẹlẹ́rìí méjì buwọ́ lù ú, kí akọ̀wé sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Àwọn Mùsùlùmí lè fẹ́ kí wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí ìlànà ogún wọn. Kí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sí i, kí ẹni tí wọ́n dárúkọ jẹ́ ẹni tí yóò gbà á fún àwọn ajogún, kì í ṣe fún ara rẹ̀ nìkan. Kí ẹ sì fún ẹgbẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti san án, nítorí owó lè wà nínú ẹ̀wà tàbí sukuk lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́ta kan náà ni kí ẹ fi ṣe ìkìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú wá ni èsúsú tí ẹ ń dá lọ́wọ́. Ẹ kò sọ fún wa ẹni tí ó kàn báyìí, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé àwọn mẹ́sàn-án ti kó, tí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tíì kó, tí ẹ wá yí i padà lónìí sí ìdókòwò ọdún márùn-ún, àwọn mẹ́sàn-án ti gba owó àwọn yòókù jẹ nìyẹn, kò sì sí bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè fara rọ. Ẹ jẹ́ kí èsúsú yí ká tán. Nígbà tí ẹ bá ń dúró, ẹ lè máa dá ₦3,000 tàbí ₦5,000 lọ́tọ̀ fún ti ìdókòwò, kí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, kí ẹ fi ṣí àkáǹtì, kí ẹ sì fi ra sukuk àkọ́kọ́ bí wọ́n bá gbé e jáde. Ìwé òfin yín náà, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnì kan kà á sókè ní ìpàdé láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tí ó kẹ́yìn, kí àwọn ìyá ọjà lè béèrè ìbéèrè lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i.